Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Sirkot

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tó ní àgbàdo yíyan lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ìtàn mi kì í bá ẹnu jà. Mo fẹ́ sọ fún yín bí ọmọbìnrin kan ṣe ṣí ilẹ̀kùn tí odindi ìlú kọ̀ láti fọwọ́ kàn, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó ṣí i.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta bí iná. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi àfikún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe nítorí ìdánwò àṣejáde. Ìkòkò idẹ tí omi mímu wà nínú rẹ̀ wà lẹ́bàá ilé ìdáná ilé-ìwé. Gbogbo wọn ló ń bu omi mu níbẹ̀, àfi Nirmaya, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ńṣe ni wọ́n máa ń da tiẹ̀ sí i lọ́wọ́ láti òkè, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan ìkòkò. Bó ṣe rí látayébáyé ní ìlú Sirkot nìyẹn: aláìmọ́ ni wọ́n ka ìran alágbẹ̀dẹ sí. Ọkọ́ tí bàbá Nirmaya rọ ni gbogbo ìlú fi ń ro oko, ọ̀bẹ tó rọ ni wọ́n fi ń gé ẹran ọdún, àmọ́ omi tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ bá kàn, dídànù ni.

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ráyè da omi fún un. Òùngbẹ kì í sì í béèrè ìran ẹni. Nirmaya mú ife, ó rì í bọ inú ìkòkò, ó mu àmutẹ́rùn.

"Yéè!" Bisnumati, obìnrin tó ń se oúnjẹ ilé-ìwé, figbe ta. "Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án? Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ní wúrà lára? Ẹ tètè!"

Omi tí wọ́n bá fi wúrà kàn ni wọ́n fi ń wẹ ohun tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá kàn mọ́. Tulasa ni ọ̀rẹ́ tí Nirmaya ní jù. Àga kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó lé láti kékeré. Ṣùgbọ́n Tulasa kò tiẹ̀ ronú. Bí màmá àgbà ṣe kọ́ ọ nílé ló ṣe: ó yọ yẹtí wúrà etí rẹ̀, ó nà án sí Bisnumati. Bisnumati rì í bọ omi, ó wọ́n omi náà sára ìkòkò, ó sì wọ́n ọn síbi tí Nirmaya dúró sí. Ìgbà tí Tulasa ń gba yẹtí rẹ̀ padà ni ojú òun àti Nirmaya ṣe mẹ́rin. Nirmaya yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọrí sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Dambar, kéde pé Nirmaya tàpá sí ìkòkò, ó sì bú Bisnumati, nítorí náà òun kò ní fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdánwò. Gbogbo kíláàsì kẹwàá ló mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo wọn ló dákẹ́.

Ọ̀gá wá pe Tulasa sí kọ̀rọ̀. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ilé-ìwé nọ́ọ̀sì fẹ́ gba ọmọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ wa, orúkọ rẹ ló wà lẹ́nu mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́, kí lo rí?"

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Tulasa ti ń fọkàn fẹ́ láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Ó wolẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Sirkot, Sirkot ni yóò parí ẹ̀. Àbí a fẹ́ kí àwọn ará Belghari máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí tíì?"

Odò kan ló pín Sirkot àti Belghari níyà, afárá onírin tó ń mì lẹ̀ǹgbẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ dá Ọ́fíìsì Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sílẹ̀ fún agbègbè náà, ìlú méjèèjì fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ajá méjì tó rí egungun kan. Ìjọba ní ẹyọ kan ṣoṣo ni àwọn ní. Wọ́n kọ́ ọ sẹ́sẹ̀ afárá lọ́hùn-ún Belghari, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn méjì sí i kí ìjà lè parí: ọ̀kan kọjú sí Belghari, ìkejì kọjú sí Sirkot. Síbẹ̀ Sirkot bínú. Wọ́n ní àwọn kò ní ẹjọ́ tí àwọn ń gbé lọ sílẹ̀ onílẹ̀. Àwọn ará Belghari ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ilẹ̀kùn Sirkot ń dípẹtà.

Ó ṣe díẹ̀, màmá àgbà rán Tulasa lọ gba dòjé wọn lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Nirmaya ló bá níbẹ̀ tó ń fẹ́ ewìrì fún bàbá rẹ̀, eérú ti bo gbogbo irun rẹ̀.

"Nirmaya, o kú iṣẹ́ o."

Nirmaya kò dáwọ́ dúró. "Ṣé yẹtí ẹ ti gbẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà jó Tulasa ju iná àgbẹ̀dẹ lọ. "Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ á dé ibi ìdánwò."

"O ṣáà mọ̀gbà tó o yọ ọ́." Ewìrì ń mí fùù, fùù. "Bàbá mi lọ bẹ ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó mú ẹni tó rí i wá. Ta ni kó mú lọ? Ṣé kó gbé ìkòkò lọ ni?"

Bàbá rẹ̀ na dòjé sí Tulasa. "Gbà, ọmọ mi. Ó ti mú dáadáa. Sọ fún màmá yín kí wọ́n rọra lò ó." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá sàn fún Tulasa kó bú òun.

Tulasa kò darí sílé. Ọ̀nà afárá ló gbà, tòun ti dòjé lọ́wọ́. Prajwol, ọmọ kíláàsì wọn, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó síbẹ̀.

"Tulasa! Ṣé koríko màlúù Belghari lo fẹ́ lọ gé ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ́fíìsì ni mò ń lọ."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. "Ọ́fíìsì wo? O fẹ́ lọ ta ìlú ẹ? Ọ̀gá á gbé ipò nọ́ọ̀sì ẹ fún ẹlòmíì o!"

"Kó gbé e fún ẹ, Prajwol. Fìlà nọ́ọ̀sì á bá orí ẹ mu."

Ó kọjá. Ó ti ilẹ̀kùn tó kọjú sí Sirkot, kò ṣí. Ó fi èjìká tì í. Ilẹ̀kùn náà han gooro bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí, ó sì ṣí. Madam Sumitra, òṣìṣẹ́ àgbà ọ́fíìsì náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sára.

"Háà! Mo ti rò pé ara ògiri ni wọ́n ya ilẹ̀kùn yẹn sí. Ìwọ ta ni?"

"Mo ti Sirkot wá, mà. Mo purọ́, mo wá sọ òótọ́."

"Jókòó. Sọ ohun tó o rí. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Kò pẹ́ tí Madam Sumitra fi gba orí afárá wá sí ilé-ìwé. Wọ́n jókòó sínú ọgbà: ọ̀gá, Bisnumati, Nirmaya àti bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá dúró lẹ́yìn.

"Ọ̀rọ̀ ìwà ni, mà," ni ọ̀gá wí. "Kò kan ọ̀rọ̀ ìran rárá. Ọmọ yìí tàpá sí ìkòkò, ó bú àgbà. Ẹ bi Tulasa, kò rí ohun mìíràn."

Tulasa dìde. Ó yọ yẹtí etí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Sà, bí Prajwol bá tàpá sí ìkòkò, ṣé wúrà la ó fi wẹ̀ ẹ́ mọ́? Yẹtí mi rèé. Èmi ni mo yọ ọ́ fún Màmá Bisnumati. Wọ́n rì í bọ omi, wọ́n sì wọ́n ọn síbi tí Nirmaya dúró sí. Nirmaya mu omi, ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ."

Gbogbo ojú yí sí Bisnumati. Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. "Kò tàpá sí nǹkan kan," ó wí. "Kò bú mi. Òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ ọlọ́mọ."

Ohùn kan tún jáde láti ẹ̀yìn. Prajwol ni. "Èmi náà rí i, mà." Ẹlòmíì ní òun rí i. Ẹlòmíì tún sọ bẹ́ẹ̀.

Madam Sumitra mú ife tíì tí wọ́n gbé fún un, kò pariwo. "Sà, òfin ilẹ̀ yìí kò ya omi ọmọ alágbẹ̀dẹ sọ́tọ̀. Ṣé ẹ ó fi orúkọ ọmọ yìí ránṣẹ́ kí n tó mu tíì yìí tán, àbí kí n tẹ̀ síwájú?"

Ọ̀gá wá bírò rẹ̀ kiri.

Ipò nọ́ọ̀sì náà bọ́ mọ́ Tulasa lọ́wọ́ lóòótọ́. Màmá àgbà ní ó ti tú ìlú síhòòhò, ó sì kọ̀ láti gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, títí dìgbà tí apá màmá àgbà kò gbé korobá mọ́. "Bu omi wá, olóríkunkun," ó wí. Nirmaya pàápàá kò tètè rẹ́rìn-ín sí i. Àfi lọ́jọ́ ìdánwò. Nirmaya ri ife bọ ìkòkò idẹ níwájú gbogbo ayé, ó mu ún dé ìdajì, ó na ìyókù sí Tulasa. Tulasa mu ún tán pátápátá, ó sì dojú ife délẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Nígbà tó yá, máàkì tí Tulasa gbà nínú ìdánwò náà ló gbé e wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Kò fi ẹnu ọ̀gá wọlé.

Ní ti ilẹ̀kùn yẹn, bàbá Nirmaya rọ irin tuntun fún un, ó ní igbe rẹ̀ á máa dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Ó ti ń ṣí wẹ́rẹ́ báyìí. Àwọn ará Sirkot tó ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń fọ́nnu pé ilẹ̀kùn tàwọn dára ju ti Belghari lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, ó ti bá wọn jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Bí ẹ bá ti ṣìṣe, ẹ má ṣe jókòó ti àṣìṣe náà. Ẹ dìde, kí ẹ lọ ti ilẹ̀kùn.

Bisnumati fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, lẹ́bàá iná ìdáná rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó na ife sí mi, ó ní kí n bu omi nínú ìkòkò idẹ náà. Kò bi mí pé ìran wo ni mo ti wá.