Ọwọ́ Tó Di Ife Mú

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ti bá òkú Awakọ̀. Ó dojú bolẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lókè lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó háyà. Ọlọ́pàá ní ó yọ̀ ṣubú ni. Àtẹ̀gùn náà gbẹ táútáú, àmọ́ ta ló fẹ́ bá ọlọ́pàá jiyàn?

Ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ àdúgbò náà. Àwòrán kan ṣoṣo ló jáde láti inú yàrá ọ̀hún, ènìyàn mẹ́rin péré ló sì rí i. Awọnlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà náà ló ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú ti ń fi ohun tí gbogbo ayé lè rí wá òtítọ́ jáde. Ẹ fi fọ́tò hàn án, yóò wo òjìji inú rẹ̀, yóò sọ aago tí wọ́n yà á. Dókítà Igi mọ igi. Oníná, tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gun òpó, mọ wáyà. Ọ̀gá, oníwèé ìròyìn àtijọ́, ló dá ìkànnì náà sílẹ̀.

Awakọ̀ ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn: àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan tó ń da májèlé sínú odò tí ìlú ń mu. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, Awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí i pé, "Fọkàn balẹ̀. A ó bò ọ́."

Lọ́jọ́ karùn-ún tó ti sá pamọ́, ọkùnrin náà gbé fóònù ti ògiri, ó ya ara rẹ̀ láti fi kí wọn. Ó kẹ́yìn sí fèrèsé. Ó fi ife tíì bo ẹnu àti imú. Lẹ́yìn rẹ̀, òpó iná kan, tíráńsífọ́mà, igi kan. Ó rò pé òun ti ṣọ́ra.

Nígbà tí ìròyìn ikú náà dé, Awọnlẹ̀ kò sunkún. Ó fọ abọ́. Ó tún un fọ̀. Gbogbo inú rẹ̀ kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ìyàwó Awakọ̀ wá bá a nílé lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú. Kò bọ́ bàtà, kò jókòó.

"Màmá, ta ló sọ fún wọn?"

"A ò tíì mọ̀, ọmọ mi."

"Fóònù rẹ̀ kejì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn fọ́tò tó kù wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n kó o fún yín, kí wọ́n tún wá mi débi tí mo bá sá sí? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ sọ fún mi, níbo ni kí n sùn?"

Awọnlẹ̀ na àwòrán ìkẹyìn tí Awakọ̀ yà sí i, bóyá yóò fẹ́ fi pamọ́. Obìnrin náà wò ó fìrí, ó tì í padà.

"Mi ò fẹ́. Kò jọ ọ́. Irọ́ náà ni ti ọlọ́pàá. Wọ́n ní irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló yọ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọkọ mi! Ìyá rẹ̀ nà án nà án títí ó fi sú u. Kì í fi ọ̀tún di nǹkan kan mú."

Ó lọ. Awọnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí àánú ṣe òun, àmọ́ kò rí àánú náà níbi tó máa ń wà.

Òfin kan wà tí wọn kì í rú lórí ìkànnì náà. Ìwádìí kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni méjì fọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Oníkálukú á dá jókòó, á kọ tirẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Bí Mo Ṣe Mọ̀" ni wọ́n ń pe ìwé náà. Tí méjèèjì bá bára mu, ó di òtítọ́.

Awọnlẹ̀ pe àwọn mẹ́ta náà sí yàrá ìpàdé wọn, lókè ilé ìtẹ̀wé kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń mi ilẹ̀ jìgìjìgì.

"Ẹ bá mi kọ Bí Mo Ṣe Mọ̀ lórí fọ́tò Awakọ̀. Báwo lèèyàn ṣe lè ti inú rẹ̀ mọ yàrá náà?"

Ojú Ọ̀gá le. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń fura sí wa ni?"

"Mò ń fura sí ara mi náà. Ìwọ lo ní kó má kó kúrò níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀ ọ́."

"Mo rò pé ibẹ̀ dáa ni!" Ọ̀gá yí ojú sí fèrèsé. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó."

Awọnlẹ̀ kọjú sí Dókítà Igi. "Ìwọ ń kọ́? O fi ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́ yẹn pé àdúgbò méje péré ló nírú igi yẹn."

"Ẹnu mi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Àmọ́ mi ò wá a dé ibì kankan."

"Oníná?"

"Kí la fẹ́ fi èyí ṣe?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹni tó kú ti kú."

"Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti dé ilé yẹn rí? Kí ó tó kú, tàbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Ọ̀gá ní rárá. Dókítà Igi ní rárá. Oníná ní òun kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Oníkálukú jókòó sọ́tọ̀, wọ́n kọ ọ́. Ìlà méjì péré ni Ọ̀gá kọ: òpó kan, igi kan lápá òsì òpó, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà Igi kọ ojú ewé méjì lórí ewé àti èèpo. Igi náà, lápá òsì òpó. Awọnlẹ̀ ti kọ tirẹ̀ nílé: òsì. Oníná kọ ojú ewé kan gbáko, ó mọ́ bí ìwé iṣẹ́. Ó ní tíráńsífọ́mà náà ní àpótí pupa, irú rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní téèyàn bá dúró lójú fèrèsé, igi wà lápá ọ̀tún òpó.

Awọnlẹ̀ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ń ṣi òsì pè lọ́tùn-ún lórí òpó iná kì í pẹ́ kú. Oníná ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé náà. Onílé ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dúró lójú fèrèsé, ó gbé àwòrán sókè. Nínú àwòrán, igi wà lósì. Níta, igi wà lọ́tùn-ún.

Ó wá wo ọwọ́ tó di ife mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Kì í fi ọ̀tún di nǹkan kan mú. Kò jọ ọ́.

Ojú fóònù tí wọ́n fi ń ya ara ẹni ni Awakọ̀ lò, irú rẹ̀ a sì máa yí àwòrán padà bíi dígí. Òsì di ọ̀tún, ọ̀tún di òsì. Òjìji inú rẹ̀ pàápàá wà lódì. Awọnlẹ̀, tó ń fi òjìji jẹun, kò wò ó rárá, torí ó kà á sí ìkíni, kò kà á sí iṣẹ́. Ẹni tó bá rí àwòrán nìkan, òsì ni yóò kọ. Ẹni tó bá ti dúró nínú yàrá náà nìkan ló lè kọ ọ̀tún.

Ó bá Oníná ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń tú fáànù kan. Ó gbé àwòrán síwájú rẹ̀.

"Apá wo ni igi wà?"

Oníná wò ó.

"Mi ò wo àwòrán yẹn mọ́ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀," ó ní. "Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

"Báwo lo ṣe mọ ibẹ̀?"

"Tíráńsífọ́mà alápòótí pupa, mẹ́rin péré ló wà nílùú yìí. Èmi ni mo gbé méjì nínú wọn sókè. Mo yí gbogbo wọn ká." Ó gbé sukudiráfà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ló ń wa ọkọ̀ kejì inú fọ́tò odò yẹn. Ẹrẹ̀ bo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ sì ti fẹ́ẹ̀ kà á tán. Ọmọ ìyá mi ni. Mo kàn lọ bẹ Awakọ̀ pé kó yọ ọ́ kúrò."

"Kí ló sọ?"

"Ó po tíì fún mi. Ó ní òun á rò ó. Mo wá sọ fún àbúrò mi pé kó fọkàn balẹ̀, mo ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ó ní yàrá wo? Mo sọ fún un. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, àwọn yẹn ló rán ènìyàn lọ." Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo dúró tì í nígbà tó ń fọ́."

Awọnlẹ̀ dúró kí inú bí òun. Inú kò bí i.

"Ṣé ẹ máa kọ ọ́?"

"Mo ti kọ tuntun kí n tó wá síbí, pé o dé yàrá náà. Ó ku ẹni kejì."

Ó tẹ́ ìwé òfìfo sórí tábìlì. Oníná wo ìwé, ó wo obìnrin náà, ó mú bírò. Òkè rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ Bí Mo Ṣe Mọ̀ sí. Kò fo nǹkan kan, kò sì fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pamọ́. Nígbà tó fọwọ́ sí i, Awọnlẹ̀ gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n bára mu. Ọ̀gá ló kó wọn lọ bá ọlọ́pàá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Oníná tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó Awakọ̀ tún wá. Awọnlẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́ fún un, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà fetí sí gbogbo rẹ̀ láìmi orí.

"Ó po tíì fún un?"

"Ó pò ó fún un."

Awọnlẹ̀ fa àwòrán kan yọ. Ó ti yí i padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Igi ti padà sí ọ̀tún, ife ti bọ́ sí ọwọ́ òsì.

"Òun nìyí," obìnrin náà ní. "Òun gan-an nìyí." Ó gbé e mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó gbé fóònù kejì ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì. "Ẹ gbà. Ṣé ẹ máa bò mí?"

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà dé ẹnu Awọnlẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́," ó ní. "Àmọ́ o bi mí níbi tí wàá sùn. Ibí ni wàá sùn. Bọ́ bàtà rẹ."

Obìnrin náà bọ́ bàtà. Awọnlẹ̀ lọ fa kọ́tìnì, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó di aṣọ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.