Bóòtù Tí Ọláìtán Kò Dè

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá rò pé ọ̀mùtí àti olè nìkan ni Ọlọ́run ń wá, fara balẹ̀ ka ìtàn Ọláìtán, mẹkáníìkì kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní ọdún 1974. Kì í mutí, kì í mu sìgá. Ó ní àga tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń bá àwọn tó bá pẹ́ dé wí. Ṣùgbọ́n ìlara ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà.

Gbádé ni Ọláìtán ń ṣe ìlara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà, Bàbá Yẹ̀kínnì ní Mushin, ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Ọláìtán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fíríìdọ̀mù kí Gbádé tó mọ orúkọ sípánà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ kábúrétọ̀. Ní báyìí, ọkọ̀ mẹ́fà, méje, ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù Gbádé, nígbà tí Ọláìtán ń lé adìyẹ kúrò níwájú tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù méjèèjì dojú kọra. Kò sí ọkọ̀ kan tó yà sí òdìkejì tí ojú Ọláìtán kò bá a yà.

Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, á ní òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Bí Gbádé bá kí i, á ní ìgbéraga ni. Bí kò bá kí i ńkọ́? Ìyẹn tún burú jù. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dárúkọ Gbádé nídìí oúnjẹ, nítorí ọkọ rẹ̀ á ti àwo sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Oyèníran ló wá dá kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin olówó yìí ń fi ọkọ̀ sá eré ìje, oníbàárà Ọláìtán ló sì jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ra dámpà tuntun láti òkè òkun, ó gbé e fún Gbádé. Dámpà ni kẹ̀kẹ́ irin tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, lórí ọ̀pá tó ń yí tí à ń pè ní kíránkì, rọ́bà wà láàárín rẹ̀, òun ló sì ń gba ìgbọ̀nrìrì kíránkì sára. Èyí tó bá ọkọ̀ wá tó ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ sá eré àsápajúdé ní láti fi èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, kí kíránkì má bàa dá. Ọláìtán kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Nígbà tó rí i lọ́wọ́ Gbádé, inú rẹ̀ korò.

Ẹni méjì ló ń de bóòtù dámpà. Gbádé kọjá títì wá, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ wá ran òun lọ́wọ́. Ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó fi irin há ẹ́ńjìnnì kó má bàa yí, Ọláìtán sì mú sípánà lókè. Ìbá dè é. Ó wo irin tuntun náà bó ṣe ń dán, ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí kì í ṣe òun. Ó yí bóòtù náà títí ó fi kan dámpà, ó dáwọ́ dúró, ó sì kérora bí ẹni tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í.

“Ṣó ti mú, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ó ti mú.”

Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó kàn fẹ́ kí ojú ti Gbádé lójú Oyèníran ni. Ṣùgbọ́n òfin kan wà lọ́dọ̀ Bàbá Yẹ̀kínnì: ẹni tó bá de bóòtù ìkẹyìn ni yóò jókòó ti awakọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò. Ọdún méjìlá ni Ọláìtán ti ń pa òfin náà mọ́. Ìlara ti gbà á lọ́kàn débi pé ó gbàgbé rẹ̀, àfìgbà tí Gbádé ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Kí ló fẹ́ sọ? Ó wọlé.

Wọ́n bọ́ sí Western Avenue. Gbádé tẹ iná mọ́ ọn. Ọláìtán mọ̀ pé bí dámpà náà bá já lórí eré, ó lè gba gíláàsì iwájú wọlé bá wọn. Ilẹ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Gbádé ní, “Ó ń gbọ̀n díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ dè é, ọkàn mi balẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju ẹ̀rù ikú lọ. “Gbádé, rọra dúró,” ó ní. “Mi ò dè é.”

Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìka lásán ni Gbádé fi yí bóòtù náà. Ó kọjú sí Ọláìtán. Ó wá béèrè ohun tí òun ṣe fún un.

“O ò ṣe nǹkan kan,” ni Ọláìtán wí. “Iṣẹ́ rẹ dára ju tèmi lọ. Ohun tó ń pa mí nìyẹn.”

“Inú ń bí mi, Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ témi náà ṣẹ Ọlọ́run jù báyìí lọ, Jésù sì kú nítorí rẹ̀. Mo ti dárí jì yín.”

Ó mú sípánà láti inú búùtù, ó fi lé Ọláìtán lọ́wọ́, ó ní kó dè é. Òun fúnra rẹ̀ wọnú ọkọ̀, ó fi í sí jíà, ó sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa yí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó dúró sókè kò jẹ́ kó rí ohun tí Ọláìtán ń ṣe, kò sì bẹ̀rẹ̀ wò. Ọláìtán ń sunkún, ó ń dè é. Nígbà tó dè é tán, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó bẹ Jésù pé kó gba òun lọ́wọ́ ara òun. Lẹ́yìn náà, Gbádé wa ọkọ̀ náà, ó sáré ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọláìtán fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́wọ́ fún Oyèníran. Oyèníran kò gbé ọkọ̀ fún un mọ́ láéláé. Ó dun Ọláìtán, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ó jẹun, ó sì sùn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ìwọ náà lè máa sọ pé o kò pa ẹnikẹ́ni, o kò jalè. Ọlọ́run tó rí ọwọ́ Ọláìtán lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rí tìrẹ náà. Síbẹ̀ Ó rán Ọmọ rẹ̀ láti gbà ọ́ là. Má sọ pé ó di ọjọ́ Ìsinmi, nítorí o kò mọ ohun tí ọ̀la yóò bí. Orúkọ ẹnì kan ti wá sí ọ lọ́kàn láti ìgbà tí o ti ń kà á bọ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, dárúkọ náà fún Jésù pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí o sì dìde lọ bá onítọ̀hún kí oòrùn òní tó wọ̀.