Ìdánwò Kékeré tí Marnie Yàn

Irun ni Marnie kọ́kọ́ rí. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti ìdí àwọn òpó inú òkun tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté Grimsby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀kan nínú wọn ṣí akoto, irun dídì gígùn sì já bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin ni!

Marnie, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sún mọ́ ọgbà irin. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà máa ń gun òpó yẹn?"

"Ta ni ì bá bá mi gùn ún? Lójoojúmọ́ ni."

"Kí lẹ máa ń ṣe lókè? Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín ńkọ́?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mo máa ń mú un mọ́ra! Ẹ̀rọ iná là ń tún ṣe. Wọ́n ń gba ọmọṣẹ́ lọ́dọọdún, àbúrò. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gba mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án nínú ìdánwò ìṣirò."

Marnie yí padà, ó gba ọ̀nà ilé.

Láti Oṣù Kẹsàn-án ló ti bẹ Ọ̀gbẹ́ni Pask, olùkọ́ ìṣirò, pé kó gbé òun kúrò ní kíláàsì ìdánwò ńlá lọ sí ti kékeré. Ìdánwò ńlá lè fún ọmọ ní mẹ́sàn-án. Ti kékeré kì í kọjá márùn-ún, bí ọmọ náà tilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Jodie ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ èékánná kíkùn làwọn méjèèjì fẹ́ ṣe, mẹ́rin sì tó fún ìyẹn.

"Kí lo ń fi ìṣirò líle pa ara rẹ fún?" ni Jodie wí. "Ìka mẹ́wàá péré lo máa kà!"

Ọ̀gbẹ́ni Pask ní kó lọ rò ó. Kò rò ó. Ó fọwọ́ sí ìwé tó gbé e lọ sí kíláàsì kékeré.

Nílé, ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Glenys, ń wọ́n ọtí kíkan sórí ọ̀dùnkún díndín. Marnie ròyìn obìnrin inú ọkọ̀ náà fún un.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò fi kàwé?"

"Kí n fi ṣe kí ni? A kúrò níléèwé lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Ajé a ti mú ọ̀bẹ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja. Olùkọ́ gan-an ní ká má yọ ara wa lẹ́nu." Ó na ọwọ́ tí òtútù yìnyín ti lọ́ ìka rẹ̀. "Ká ní mo rí obìnrin kan tó sọ̀ látinú irú ọkọ̀ yẹn láyé ìgbà yẹn, ìwé ni ǹ bá fi ṣe ìrọ̀rí. Ìwọ wá rí i, o jókòó síbí, ò ń jẹ ọ̀dùnkún mi!"

Lọ́jọ́ kejì, Marnie lọ bá olùkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá mi padà."

Ọ̀gbẹ́ni Pask gbé ìdánwò ńlá àtijọ́ kan fún un. Marnie fo ju ìdajì ìbéèrè lọ. Oṣù márùn-ún ni kò ti sí ní kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ wọn.

"Bí o bá ṣe èyí báyìí, o lè má gba nǹkan kan," ni olùkọ́ wí. "Ṣe ti kékeré, kí o wá ṣe ti ńlá ní Oṣù Kọkànlá. Àwọn ọmọṣẹ́ ọdún yìí á ti wọlé nígbà náà, ọdún kan ló máa ná ọ."

Kò sunkún. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí èsì jáde, Jodie dì mọ́ ọn. "Márùn-ún! Kò sẹ́ni tó jù ọ́ lọ!"

"Kò sáyè láti jù mí lọ ni," ni Marnie dáhùn. Àwọn ọmọṣẹ́ ọdún náà wọkọ̀ láìsí i.

Ó ṣe ìdánwò ńlá, ó gba méje. Nígbà tó fi máa wọ ọkọ̀ ojú omi náà, àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì rí ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́.

"Mo ti ń retí rẹ láti èṣí," ni obìnrin onírun dídì náà wí. "Kí ló dá ọ dúró?"

"Mi ò béèrè kí n tó fọwọ́ sí ìwé, Àǹtí."

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń ka èyí, iṣẹ́ ti yí padà ní ìlú yín. Ẹ béèrè ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò ní kọ́.