Lífítì Inú Rédíò Metodi

Irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa. Ẹni tó bá rò pé orí mi ti ń dàrú, kó fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá sí àjà keje níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kó pe orúkọ ara rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn o.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹsàn-án. Gbogbo ilé wa ní ìlú Plovdiv ló ń sun tàtàṣé tí a máa dì sínú ìgò de ìgbà òtútù, kálukú pẹ̀lú ìkòkò oníná mànàmáná tirẹ̀. Metodi, ọkọ mi, ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò oníbátìrì rẹ̀, ó sì ń bínú. Nígbàkígbà tí lífítì bá ń rìn, rédíò náà á máa kùn, á sì dún kẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrù bá wúwo, kíkùn náà á ki.

"Gbọ́ bó ṣe ń kérora," Metodi wí. "Baba Stoyan ló ń gòkè. Ó ti jẹun yó."

Baba Stoyan ni alága gbogbo àwa tí a jọ ń gbé ilé alájà yìí. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé.

"Fi baba oníbaba sílẹ̀, jọ̀ọ́. Lọ ra ìdérí ìgò wá."

"Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́!"

"Tàtàṣé ò mọ bọ́ọ̀lù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dé fìlà, ó jáde. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn lífítì pa dé. Rédíò dún kẹ̀. Ó tún dún kẹ̀, kẹ̀.

Iná lọ. Ìkòkò tàtàṣé ti tún pọ̀ jù fún wáyà ilé wa. Fìríìjì dákẹ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó yẹ kí lífítì dúró, kí rédíò sì mọ́ gaara.

Kẹ̀.

Kẹ̀.

Mo ń kà á títí àjà ilé wa fi tán. Rédíò ò dákẹ́. Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Mo sáré gba orí àtẹ̀gùn. Baba Stoyan mú kọ́kọ́rọ́ wá. Lífítì há sí àárín àjà kẹta àti ìkẹrin, ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé gbọn-in. Nígbà tó fi ipá ṣí i, fìlà Metodi nìkan ló wà nílẹ̀.

"Ó ti jáde ni," Baba Stoyan wí.

"Gba ibo?"

Ó gbé fìlà náà lé mi lọ́wọ́.

Àwọn ọlọ́pàá wá a títí, wọn ò rí i. Lẹ́yìn náà, àwọn ará ilé ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ lífítì náà kúrò, wọ́n fi pákó kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa ní gbogbo àjà. Nínú rédíò, lífítì ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Ọmọ mi Ralitsa ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Varna. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ? Inú ilé yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọkọ mi nínú rédíò. Bó ṣe há lọ́hùn-ún ni èmi náà há síbí.

Ní àárọ̀ òní, ó dúró. Mo di rédíò mú. Lẹ́yìn náà, kẹ̀. Kíkùn náà yí padà: ó ti ń gòkè bọ̀.

Mo pariwo pe Baba Stoyan. Ó jókòó tì mí, ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Lina," ó ní jẹ́jẹ́, "gbọ́ bó ṣe ń kérora. Metodi gbẹ bí igi. Òun nìkan kọ́ ló ń bọ̀."

"Ọkọ mi wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Àwọn tó kù ńkọ́?"

Àjà karùn-ún. Ìkẹfà. Ìkeje, àjà tiwa. Rédíò wá mọ́ gaara, ọkùnrin kan ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Níta, lẹ́nu ọ̀nà lífítì, ìṣó ń tu lára pákó, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń sọ èyí, ọwọ́ àwa méjèèjì wà lórí irin tí a fi há ilẹ̀kùn. Èmi ń fà á, Baba Stoyan ń tì í padà. Mo fẹ́ ọkọ mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.