Kọ́kọ́rọ́ Tó Kọjú Síta

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Baba Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i. Ó gbálẹ̀, ó nu ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́, ó sì ń kun orin ìsìn sábẹ́ imú. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Kò tóbi rárá. Bí oníbàárà mẹ́ta bá wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ekukáká la fi lè rí ilé kan ní àdúgbò yẹn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ti ọwọ́ baba yìí jáde.

Ó ní àṣà kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ kò ní. Bó bá gé kọ́kọ́rọ́ fún ènìyàn tí onítọ̀hún sì fọwọ́ sí i, yóò gé ẹyọ kan sí i, yóò gbé e kọ́ sára pákó ńlá tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ìyá àgbà tó gbé kọ́kọ́rọ́ sọnù, ọkọ tí ìyàwó ti ilẹ̀kùn mọ́ síta láìmọ̀, ọmọ iléèwé tó dé bá ilé ní títì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sá wá. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára wọn, nítorí olè náà mọ̀wé kà. Òwú aláwọ̀ ló ń so mọ́ wọn, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Yóò wá yí eyín kọ́kọ́rọ́ sí ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí, á ní, "Ẹnu ni kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wọlé là ń fi eyín hàn."

Ẹni méjì péré ló mọ ìtumọ̀ òwú wọ̀nyẹn lókè eèpẹ̀: òun fúnra rẹ̀, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Láti kékeré ló ti ń gbé ọmọ náà sórí itan, tó ń kọ́ ọ ní àwọ̀ òwú bí ẹni ń kọ́ ọmọ lórin. Nítorí pé ọmọ náà jọ ìyá tó bí baba fúnra rẹ̀ bí ìmumu, Ìyá mi ló ń pè é. Ìyá mi ti wá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ó sì ga ju ìyá tó bí i lọ.

Òun ló wọlé ní òwúrọ̀ yẹn, tó na nǹkan kékeré kan sí baba rẹ̀. Nǹkan náà gùn bí bírò, ara rẹ̀ sì ti sán.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Kí ni wọ́n ń pe èyí, Ìyá mi?"

"Nǹkan olóòórùn dídùn ni, sà. Gbogbo kíláàsì wa ló ń lò ó."

Baba gbé e sí imú. Ó ń ta sánsán bí ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ní ayé tàwọn, ọṣẹ ni ọmọbìnrin fi ń ta sánsán, ọṣẹ náà kò sì béèrè bátìrì. Ó tú u, ó rí i pé wáyà kan ló já nínú, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ padà. Ó fa òwú aláwọ̀ ìyeyè láti inú agolo tó fi ń kó òwú kọ́kọ́rọ́ sí, ó wé e mọ́ ibi tó sán, ó sì ta kókó tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi hàn án nígbà èwe rẹ̀, kókó tí ojú kì í rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí iná kékeré tàn lẹ́nu nǹkan náà, inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tó bá ṣí àgádágodo tó ti dípẹtà. Ọmọ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dúró kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Baba rò pé ayọ̀ ni.

Ẹ má ṣe dá a lẹ́bi kíákíá. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, tí imú rẹ̀ sì lè sọ irú àìsàn tó wà lára aṣọ ibùsùn, òun náà ti gbóòórùn ọsàn lára ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀. Ṣe ló dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ òun ti di ọmọge onímọ̀ọ́tótó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni aburú ṣẹlẹ̀ ní ilé Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, opó ni, òun nìkan ló sì ń gbé ilé. Ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ni ọwọ́ rẹ̀ ti gbà wá sáyé, Ìyá mi náà sì wà lára wọn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ilé ìsìn. Lọ́jọ́ yẹn, orúnkún ń dùn ún, ó sì yí padà lójú ọ̀nà. Ó bá ọmọkùnrin méjì nínú pálọ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n dání. Ọ̀kan tì í bó ti ń sá lọ, màmá ṣubú lé ẹnu ọ̀nà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí àwọn aládùúgbò dé, ilẹ̀kùn wà bó ṣe wà. Ẹnikẹ́ni kò já a.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́pàá pe àdúgbò jọ sí gbọ̀ngàn iléèwé láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin kan ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi làwọn wá dá fún òbí. Ó ní ilé mẹ́rin ni wọ́n ti jà lólè ládùúgbò yìí láìfọ́ ilẹ̀kùn, àti pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ohun kan náà ni àwọn ń bá pàdé. Ó wá ṣàlàyé:

"Fépù ni wọ́n ń pè é. Sìgá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò ní rí eérú. Bátìrì ló ń mú omi inú rẹ̀ gbóná, ọmọ á sì fa ooru rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn inú tábà wà nínú omi yẹn, òun ló ń de ọmọ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi òórùn èso bò ó kí ẹ̀yin má baà fura."

Onígbàjámọ̀ dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ọmọkùnrin tèmi kì í wẹ̀ dáadáa. Bó ṣe ń rùn yẹn, ọkàn mi balẹ̀." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ padà. Ó ní àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ọmọdé kò ní owó. Bí oògùn bá ti mú ọmọ tán, wọ́n á ní kó máà wulẹ̀ mú owó wá. Kó sáà wá sọ ìgbà tí ilé kan máa ń ṣófo. Kó fi fèrèsé kan sílẹ̀ láìtì. Kó bá àwọn ṣọ́nà díẹ̀. Ó gbé náílọ́ọ̀nù funfun kan sókè, fépù kan wà nínú rẹ̀. "Èyí já bọ́ lẹ́yìn fèrèsé ilé Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó ràn wá lọ́wọ́."

Òwú aláwọ̀ ìyeyè ló wà lára rẹ̀, tí a ta ní kókó tí ojú kò rí ìdí rẹ̀.

Baba Oníkọ́kọ́rọ́ kò mọ bí òun ṣe délé. Ó dúró níwájú pákó, ó sì wo àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí wọn rí. Mẹ́rin kọjú síta láàárín ogunlọ́gọ̀ tó kọjú sí ògiri. Ẹni tó mú wọn mọ àwọ̀ òwú dáadáa. Bí a ṣe ń gbé wọn kọ́ nìkan ló gbàgbé, nítorí ìkánjú. Baba yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ògiri. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà kò jiyàn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló kọ́kọ́ fi lọ òun níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ó ní omi èso lásán ni. Láàárín oṣù díẹ̀, òun kò lè jókòó nínú kíláàsì tán kí orí má máa fọ́ òun, kí ikọ́ má máa yọ òun lẹ́nu, kí òun má máa kanra mọ́ ènìyàn láìnídìí. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ni wọ́n ti ń rà á, Bọ̀bọ́ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí owó tán, Bọ̀bọ́ ní kí òun yá a ní kọ́kọ́rọ́ kan fún wákàtí díẹ̀; bó ṣe di mẹ́rin nìyẹn.

"Mo gbìyànjú láti fi í sílẹ̀, Bàbá mi. Mo jù ú sínú ṣáláńgá lẹ́ẹ̀kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti lọ gba òmíràn."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí màmá ṣubú?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Mo gbọ́ igbe wọn." Ó bo ojú. "Mo sá lọ."

Ìyá rẹ̀ ti wọlé láìjẹ́ kí wọ́n gbọ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni òwú yẹn ti wá, kí ó jọ̀ọ́, kó má ba ayé ọmọ kan ṣoṣo jẹ́. "Bàbá Ìyá mi, ilé la ti ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà sí i."

Baba fà á dìde. "A óò gbàdúrà. Ṣùgbọ́n Bọ̀bọ́ ṣì wà níta, ọmọ àwọn ẹlòmíràn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo la fẹ́ kí Ọlọ́run bá wa fi bò?"

Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tó lọ bá ọlọ́pàá. Màmá Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Bó ṣe rí wọn ló ti na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ jáde. Ó kọjú sí baba, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi pààrọ̀ gbogbo àgádágodo ilé yẹn. Ìwọ nìkan ni ọkàn mi gbà láti fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́." Baba kò lè gbà á. Ọmọ rẹ̀ ló wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó sì jẹ́wọ́. Màmá tẹjú mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi gbà ọ́ nígbà tí o dé," ló wí. Ó yí ojú sí ògiri.

Kí ọlọ́pàá tó dé ṣọ́ọ̀bù fóònù, Bọ̀bọ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì rí i títí di òní. Wọn kò rí ẹrù kankan gbà padà. Ìyá mi fojú ba kóòtù àwọn ọmọdé, wọ́n sì mú un lọ sí ilé àtúnṣe, níbi tí dókítà ti ń bá a fa oògùn náà jáde lára díẹ̀díẹ̀. Ikọ́ tó ń wú kò tíì fi í sílẹ̀. Ọ̀pá ni Màmá Nọ́ọ̀sì fi ń rìn. Ó ní òun ti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè dá sùn nínú ilé yẹn mọ́. Baba Oníkọ́kọ́rọ́ já gbogbo kọ́kọ́rọ́ pákó rẹ̀, ó gbé wọn láti ojúlé dé ojúlé, ó ń dá wọn padà fún onílé. Àwọn kan gbà á pẹ̀lú omijé. Àwọn mìíràn na ọwọ́ láàárín ilẹ̀kùn, wọ́n sì tì í padà. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ pé wọ́n ti pe oníkọ́kọ́rọ́ mìíràn láti ibòmíràn.

Ní ọjọ́ àbẹ̀wò, òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilẹ̀kùn onírin ilé àtúnṣe. Ilẹ̀ ni ìyàwó á máa wò. Ojú baba a máa lọ sára àgádágodo ilẹ̀kùn náà. Irú tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣí wẹ́rẹ́ láìpariwo ni. Á ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan, á dúró dìgbà tí wọ́n bá pè é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin alágbàtọ́, Ọlọ́run kì í tòògbé, ṣùgbọ́n kò ní kí àwa máa sùn. Bí òórùn dídùn bá wà lára ọmọ rẹ tí o kò sì rí ìgò lọ́fínńdà, bó bá ń wúkọ́ láìní òtútù, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tí inú sì ń bí i lásán, má ṣe kọ́kọ́ gbé pàṣán. Pè é jókòó. Mú un lọ rí dókítà. Bí o bá mọ ẹni tó ń tà á fún ọmọdé, sọ fún ọlọ́pàá kó tó di pé ó kó ẹrù lọ. Kí ẹ sì lọ wo orí tábìlì ọmọ yín lónìí. Bí ẹ bá rí nǹkan tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, tó sì ti bàjẹ́, ẹ má tún un ṣe. Ẹ béèrè ohun tó jẹ́.