Ọkọ̀ Ológun Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà Kaboua

Ọjọ́ tí Àdìjá kọ́kọ́ rí Barthélemy, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló rí. Ìyókù ara ọmọkùnrin náà wà lábẹ́ ọkọ̀ ológun ńlá kan tó kú sí àárín ọ̀nà tó ti Ṣábẹ̀ wá sí Kaboua. Oko ni Àdìjá ti ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sójà. Ṣé ẹ ṣì wà láàyè níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi wà láàyè. Ọkọ̀ yìí ló ti kú."

Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde. Epo ti kun ojú rẹ̀ dúdú, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Àdìjá bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé omi mímu rẹ̀ fún un. Ọmọkùnrin náà mu ún, ó fi ìyókù bọ́jú.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Àdìjá. Bàbá Alassane, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Kaboua, ló bí mi."

"Ha! Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ gan-an ni wọ́n rán mi sí. Barthélemy ni orúkọ mi, ọmọ Kétu ni mí."

Ìgbà ìjọba ológun ni, tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kamaráàdì. Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ Kaboua ní ọkọ̀ ológun àtijọ́ náà kí wọ́n máa fi kó iṣu àti kajú lọ bá ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀. Barthélemy, sójà tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe, ni wọ́n ní kó máa wà á.

Ọkọ̀ náà lágbára, ṣùgbọ́n alágídí ni. Tó bá rìn díẹ̀, pàápàá tó bá ń gun òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, á sì kú. Tó bá sinmi, á tún jí bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Barthélemy pààrọ̀ asẹ́ epo. Ó tú pọ́ǹpù tó ń fa epo palẹ̀, ó tún un tò. Pàbó ló já sí.

Abẹ́ igi kajú kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni Àdìjá ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rán an. Nígbà tó yá, kò dúró kí wọ́n rán òun mọ́.

"Barthélemy, mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ yìí yá o," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Kí ló dé?"

"Tó bá yá, o ò ní jókòó síbí mọ́."

Barthélemy fi irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, ó yá o, kò yá o, ọ̀dọ̀ rẹ ni ọkàn mi wà. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

Inú Àdìjá dùn, ó ní kó lọ bá bàbá òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Barthélemy lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Alassane, ọ̀rọ̀ kò rọgbọ.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n sójà ni ọ́. Lónìí, Kaboua, lọ́la, wọ́n ti gbé ọ lọ sí Natitingou. Kátólíìkì sì tún ni ọ́. Má bínú, mi ò lè fi Àdìjá fún ọ."

Àdìjá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìyá rẹ̀, Àyìnkẹ́, dá sí i. "Baálé mi, àbúrò yín obìnrin tó wà ní Ṣábẹ̀, ṣé kì í ṣe Kátólíìkì ló fẹ́? Ṣebí a jọ ń ṣọdún?" Bàbá dìde, ó bọ́ síta.

Láàárín ìbànújẹ́ yìí ni ìṣòro ńlá dé. Wọ́n ti wa iṣu jọ rẹpẹtẹ. Ọkọ̀ ojú irin tó máa kó o lọ sí Cotonou ń bọ̀ lọ́la, òjò sì ń ṣú. Ọ̀gá ológun ránṣẹ́ láti Ṣábẹ̀ pé tí ọkọ̀ náà bá tún kú lọ́nà, àwọn á gbé e sọnù, Barthélemy á sì padà sí bárékè rẹ̀ ní Parakou.

Àdìjá bá Barthélemy lábẹ́ igi, tó káwọ́ lérí.

"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti ṣe."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, àyànfẹ́ mi. Kí ló máa ń ṣe é gan-an?"

"Epo kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Tó bá wá sinmi, epo á tún máa bọ̀."

Àdìjá ronú díẹ̀. "Bíi kèrègbè tí ewé já sí nínú? Tí o bá dà á, ewé á dí ẹnu rẹ̀. Tí o bá gbé e nàró, ewé á padà sísàlẹ̀."

Barthélemy fò dìde. "Àgbá epo! Mi ò tíì tú àgbá epo! Ìpáàrà ti mú un mọ́ ara ọkọ̀, èmi nìkan ò lè gbé e."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Àdìjá ti sáré délé. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo tèmi. Iṣu gbogbo wa ni. Ẹ bá wa wá ènìyàn."

Bàbá dìde, ó sì ké sí àwọn ọkùnrin àdúgbò.

Wọ́n fi agbára tú àgbá epo náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n da epo inú rẹ̀ jáde, ìpáàrà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, lẹ́yìn náà ni àkísà kan tó ti jẹrà já bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn pariwo. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ àti epo díẹ̀ sínú àgbá náà, wọ́n ń mì í síwá sẹ́yìn, wọ́n ń kọrin, títí inú rẹ̀ fi mọ́. Barthélemy tún rí ibi tí rọ́bà tí epo ń gbà ti sán, ó gé ibẹ̀ kúrò, ó sì so ìyókù pọ̀.

"Kí ni a ó fi sẹ́ epo padà?" ó béèrè.

Àdìjá tú gèlè orí rẹ̀. "Gbà."

"Gèlè tuntun rẹ?"

"Sẹ́ epo, jàre."

Ó ku afẹ́fẹ́ tó wọ ojú ọ̀nà epo, tí wọ́n gbọ́dọ̀ lé jáde. Barthélemy ní kí Àdìjá máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù, òun sì dẹ nọ́ọ̀tì kékeré kan lára rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Epo ń hó, ó ń tutọ́.

"Tẹ̀ ẹ́, ìfẹ́ mi! Tún tẹ̀ ẹ́!"

Apá ń ro Àdìjá, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, epo ń ṣàn geere, kò ní ìfófòó kankan. Barthélemy dè é pa, ó gun orí àga ọkọ̀, ó tan án. Ọkọ̀ bú ramúramù. Àwọn obìnrin tó wá wòran hó ìhó ayọ̀, Àdìjá ń fò sókè bí ọmọdé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n di iṣu kún ọkọ̀. Bàbá Alassane fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè tí ọkọ̀ náà ti máa ń kú, gbogbo wọn tẹ́tí sí ìró ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ń gùn, ó ń gùn, kò wúkọ́ rárá. Nígbà tó dé orí òkè, tí àwọn àpáta Ṣábẹ̀ yọ lókèèrè, bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Allahu Akbar! Ó ti gùn ún!"

Wọ́n dé Ṣábẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Ọ̀gá ológun wá wò ó, ó bọ Barthélemy lọ́wọ́: "Kamaráàdì, má lọ sí Parakou mọ́. Dúró ti ọkọ̀ rẹ ní Kaboua."

Lójú ọ̀nà ilé, bàbá béèrè pé, "Tí iṣẹ́ sójà rẹ bá parí ńkọ́?"

"Kaboua náà ni mo fẹ́ máa gbé, Bàbá. Màá ṣí ibi tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe."

"Ẹ̀sìn ńkọ́?"

"Àdìjá á máa kírun tirẹ̀. Mi ò ní dí i lọ́wọ́ láéláé."

Wọ́n ń lọ títí wọ́n fi rí òrùlé Kaboua. Bàbá wá ní, "Lọ mú àwọn ènìyàn rẹ wá láti Kétu."

Lẹ́yìn ìkórè kajú ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Àwọn ará Kétu dé pẹ̀lú orin, Élisabeth, ìyá Barthélemy, sì gbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ra títí. Nígbà tí gbogbo ènìyàn jókòó, àgbà obìnrin ilé béèrè pé, "Àdìjá, ọmọ mi, ọkùnrin tó wà níwájú rẹ yìí, ṣé o..."

"Mo gbà, Ìyá!"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín, Bàbá Alassane ló sì rẹ́rìn-ín jù.