Aṣọ Funfun Létí Èbúté

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó kojú bàbá rẹ̀ nítorí ọkùnrin kan àti èéfín ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kò gùn, àmọ́ ó ní eegun nínú.

Ẹnjiníà ni gbogbo èbúté ń pe ọmọbìnrin náà, torí òun ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó. Bó bá ń bọ̀, èéfín rẹ̀ á ti dúdú lójú sánmà kí imú rẹ̀ tó yọ. Ẹ̀yìn èbúté nilé wọn wà. Bí fèrè ọkọ̀ bá ti dún, eré ni ìyá Ẹnjiníà máa ń sá jáde lọ ká aṣọ lórí okùn, á wá máa wúkọ́ padà wọlé.

Lọ́jọ́ kan, Ẹnjiníà dúró létí ọkọ̀, ó ń rò ó pé kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì yìí ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa. Ni orí kan bá yọ lójú omi. Òmùwẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ ha ìdọ̀tí. Ó na ẹ̀kúnwọ́ ìkarahun wẹẹrẹ sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Èrò ọkọ̀ yín nìyí o. Wọ́n kún ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì nínú wọn."

"Ta ló rán ọ sábẹ́ ọkọ̀ wa?"

"Ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wá ha. Tiyín ló fa ojú mi." Ó nu omi kúrò lójú. "Òun àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òmùwẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ló ń dì í mú tí ẹ́ńjìnnì fi ń làágùn èéfín. Òun náà kọ́ Òmùwẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì láti inú ohùn rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "olólùfẹ́ mi" ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé fi pamọ́. Ìfẹ́ náà nìyẹn. Bàbá gbọ́ nípa wọn, ó sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ha ìdí ọkọ̀ kí èéfín lè dín.

"Ẹni tó ń ha ìdí ọkọ̀ lo fẹ́ mú wọ ilé mi? Èéfín wo sì lẹ ń wí? Ọkọ̀ tí kò rú èéfín, òkú ni."

"Bàbá, Màmá ń wúkọ́."

"Ogún ọdún ló ti ń wúkọ́."

"Ogún ọdún náà lọkọ̀ yín ti ń rú èéfín."

"Ó dáa, kó ha á. Bí epo bá dín, kó fẹ́ ọ. Bí kò bá dín, kó bá tiẹ̀ lọ."

"Ẹ má fi mí ta tẹ́tẹ́. Kí epo dín, kó má dín, mo ti rí ẹni tí mo máa fẹ́. Ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ ọkọ̀. Bí wọn ò bá ha á, mi ò ní tan ẹ́ńjìnnì."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ fi dúró pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ǹtì. Bàbá pe ẹnjiníà méjì mìíràn, ẹ́ńjìnnì ò dá wọn lóhùn.

"Olórí kunkun lọmọ yìí," ni Bàbá wí.

"Èmi kọ́ ló jọ," ni Màmá dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá ní kí wọ́n ha á, kò sì dárúkọ tẹ́tẹ́ mọ́. Òmùwẹ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọjọ́ méjì ṣe é, ọkọ̀ sì gbéra. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ lókè bojú wẹ̀yìn, kò rí èéfín dúdú. Ó fi fóònù pe yàrá ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ́ńjìnnì ti kú o."

"Ẹ wo omi, Bàbá. Ṣé a dúró ni?"

Bàbá wo omi. Ọkọ̀ ń lọ geere.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Bàbá fọn fèrè. Màmá àti àbúrò rẹ̀ ń sá aṣọ funfun lọ́wọ́. Àbúrò gbá okùn mú, ó fẹ́ máa ká aṣọ.

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ọmọ mi ló ń bọ̀."

Bàbá rí aṣọ náà láti orí ọkọ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ló gbà lọ. Ó fi ìka nu aṣọ, ó wo ìka. Ó tún un nù. Òmùwẹ̀ àti Ẹnjiníà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò tíì sọ pé mo gbà o."

"A ò béèrè, Bàbá," ni Ẹnjiníà wí. "Ọjọ́ ìgbéyàwó la wá sọ fún yín."

Bàbá wo ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ọjọ́ wo?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, òun fúnra rẹ̀ ló fọn fèrè ọkọ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ká aṣọ.

Àbúrò Màmá, tó gbá okùn mú lọ́jọ́ yẹn, ló sọ ọ́ fún mi. Èmi náà ti sọ ọ́ fún yín.